Ẹ̀rọ Tó Wo Mariyah Sàn

Ohun méjì ni Ọ̀gá Godfrey kì í fi ṣeré: bàtà rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀. Bàtà náà, àràárọ̀ ló ń fi aṣọ rírọ̀ nù ún kó tó jáde nílé wọn ní Olówógbowó, títí yóò fi máa dán bíi dígí. Orúkọ náà, àwọn baba ńlá rẹ̀ tó ti Sàró dé ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún un, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣẹ̀sín láwùjọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, á kọrin ohùn ìsàlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ní CMS. Lọ́jọ́ iṣẹ́, òun ni ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, iléèwé kan tó há sáàárín ilé Àgùdà àtijọ́ kan àti mọ́sálásí, tó fi jẹ́ pé bí lèmọ́mù bá wúkọ́, àwọn ọmọ tó wà lókè á kí i pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà."

Yàrá kékeré kan wà lábẹ́ àtẹ̀gùn iléèwé yìí. Àga tó ti kán ni wọ́n máa ń kó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó tó di kíláàsì àwọn ọmọ tó nílò ìtọ́jú àkànṣe, bíi Haleem tí kò ríran. Nínú gbogbo wọn, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù ni Mariyah, bẹ́ẹ̀ adití ni. Ibà ló ṣe é ní kékeré tó sì mú etí rẹ̀ lọ. Ìyá ìyá rẹ̀, Àlhájà Àdìjátù, tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì lójúde ilé wọn, ló ń tọ́ ọ. Tẹ́lẹ̀ rí, gbogbo ọ̀rọ̀ Mariyah kò ju kó nawọ́ sí nǹkan kó sì ké lọ. Ìgbà tí Àǹtí Taslimah dé ni nǹkan yí padà. Taslimah mọ èdè ọwọ́ tí àwọn adití fi ń sọ̀rọ̀. Àjọ kan tó ń jẹ́ Ìmọ́lẹ̀-Ọmọ ló fi í ránṣẹ́, ọjọ́ méjì ló sì ń wá lọ́sẹ̀ nítorí iléèwé mìíràn ń dúró dè é. Kò pẹ́ tí Mariyah fi ń bèèrè omi, tó ń sọ bí ìyá ìyá rẹ̀ ṣe bá oníbàárà jà, tó sì tún ń ṣépè. Èyí tó kẹ́yìn yìí, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti kọ́ ọ.

Báyìí ni nǹkan rí títí àjọ Ìmọ́lẹ̀-Ọmọ fi pe àwọn ọ̀gá iléèwé tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́ sí ọ́fíìsì wọn ní Ìkòyí. Afẹ́fẹ́ tútù tó ń ti ara ògiri jáde níbẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn àgbàlagbà ń pàtẹ́wọ́ fún ọ̀rọ̀ tí kò tó pàtẹ́wọ́ fún, kí ọwọ́ wọn lè móoru. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Christabel, ọ̀gá àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn, bọ́ síwájú, ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì kan sókè, fóònù ńlá tó fẹ̀ bí àwo ìjẹun.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin màmá mi," ó ní, "láti òní lọ, ọmọ tó nílò ìtọ́jú kò tún ní í ṣègbé mọ́. Orúkọ ẹ̀rọ yìí ni Arínúróde."

Ìyá àgbà kan, ọ̀gá iléèwé kan ní Ìta Fájì, dá sí ọ̀rọ̀ náà. "Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe Ọlọ́run là ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Ọlọ́run náà ni, mà. Ṣùgbọ́n èyí ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì."

Ó wá ṣàlàyé. Káàdì kan yóò máa wà lọ́rùn ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ bá ti gba ìtọ́jú, kí wọ́n fi káàdì rẹ̀ kan tábúlẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n tẹ orúkọ ìtọ́jú tó gbà, ó parí. Gbogbo iléèwé yóò sì máa hàn lórí tẹlifíṣọ̀n gbàǹgbà kan tó wà lára ògiri ọ́fíìsì náà. Iléèwé tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ń rí ìtọ́jú lójoojúmọ́ á máa tàn ní àwọ̀ ewé; èyí tí wọn ò bá ti rí i, á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Àwọn òbí náà á máa gba ìròyìn ọmọ wọn lórí fóònù.

Ọ̀gá Godfrey nawọ́ sókè. "Ẹ ṣeun. Ọjọ́ méjì péré ni olùkọ́ wa ń wá. Ṣé ẹ máa fi olùkọ́ kún un ni?"

"Ìyẹn wà ní ìpele kẹta, sà. Ìpele kìíní la ṣì wà: kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ mọ̀ pé kò sí olùkọ́."

Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò tíì parí tí iléèwé Ọ̀gá Godfrey fi pọ́n. Ọjọ́ tí Taslimah bá wá, á tàn díẹ̀. Tó bá ti lọ, á tún pọ́n. Àwọn ará Ìkòyí ya àwòrán tẹlifíṣọ̀n wọn, wọ́n fi í sí orí Wọ́sáàpù àwọn ọ̀gá iléèwé. Ẹnìkan fi ojú tó ń sunkún sí abẹ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn kọ ọ́ pé, "Ọlọ́run á dá sí i fún wọn." Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ohùn Ọ̀gá Godfrey gbọ̀n lórí orin, ó sì dá a lójú pé gbogbo ìjọ ló mọ̀ pé iléèwé òun ti pọ́n.

Ohun tó wá ń dà á láàmú ni iléèwé Dáfídì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀gá iléèwé kan ní Láfíájì. Taslimah kan náà ló ń lọ síbẹ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo ló sì ń lò lọ́sẹ̀, síbẹ̀ iléèwé náà ń tàn yọ̀ọ̀ bí ẹ̀fọ́ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Ó gbé fóònù, ó pe Dáfídì.

"Ẹ̀gbọ́n," Dáfídì ní, "ṣé olùkọ́ ni ẹ̀rọ yẹn mọ̀ ni, àbí káàdì?"

"Káàdì ni."

"Ẹ jẹ́ kí káàdì máa gba ìtọ́jú, kí gbogbo wa sinmi. Ta ló fẹ́ bi káàdì léèrè bóyá ara ẹ̀ ti yá?"

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá Godfrey gba káàdì lọ́rùn àwọn ọmọ náà. Ó ní kí wọ́n má baà sọ ọ́ nù. Ó ti ìlẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, ó mú ti Mariyah, ó sì wẹ̀yìn bí ẹni tó fẹ́ jí owó ọrẹ. "Ó ṣáà máa gba ìtọ́jú lọ́jọ́ Tọ́sìdeè," ó sọ fún ara rẹ̀. "Mo kàn bá a sọ ọ́ ṣáájú ni." Ó fi káàdì kan ojú tábúlẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ dún tín-ín, ìràwọ̀ kan fò sókè, ọ̀rọ̀ sì jáde: "O káre láé, Godfrey!" Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ fún un pé ó káre. Kò tilẹ̀ bínú pé ẹ̀rọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú páálí ń pe àgbàlagbà bíi tirẹ̀ ní "o".

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí agogo àárọ̀ tó lù, á ti tọ́jú gbogbo wọn tán. Òkè òkun ni ẹni tó to orúkọ àwọn ìtọ́jú sínú ẹ̀rọ náà ti tò wọ́n, ẹ̀rọ kì í sì í fẹ́ kí a tẹ ẹyọ kan náà lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kan, ó tẹ Ìtọ́jú Inú Omi fún Mariyah, níléèwé tó jẹ́ pé bí wọ́n bá yí ẹnu ẹ̀rọ omi rẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń fọn jáde. Nígbà tó kan Ìtọ́jú Orí Ẹṣin, ó dúró díẹ̀. Ẹṣin tó sún mọ́ Ìsàlẹ̀ Èkó jù, ó di etí òkun. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ìràwọ̀ méjì ló fò sókè lọ́jọ́ yẹn.

Iléèwé náà tàn. Àwọn tó ń sunkún lórí Wọ́sáàpù bẹ̀rẹ̀ sí í kí i kú oríire.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni Taslimah wọlé wá bá a, báàgì léjìká, fóònù lọ́wọ́.

"Sà, wọ́n ti gbé mi lọ sí Ọbáléndé. Pátápátá ni."

"Ta ló ní kí wọ́n gbé yín lọ?"

"Ẹ̀rọ ni, sà. Ó ní ìtọ́jú iléèwé yìí ti pọ̀ lápọ̀jù, kí n lọ síbi tó pọ́n." Ó wò ó lójú. "Sà, ta ló ń kọ́ àwọn ọmọ yìí lọ́jọ́ tí mi ò bá wá?"

Ọ̀gá Godfrey wo bàtà rẹ̀. Bàtà náà dán tó bẹ́ẹ̀ tó fi rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ó yáa gbójú kúrò.

"Ọlọ́run ni," ó ní.

Taslimah na fóònù rẹ̀ sí i, níbi tí Ìtọ́jú Orí Ẹṣin hàn sí. "Ọlọ́run náà ló ń gbé wọn gẹṣin?"

Taslimah lọ kí àwọn ọmọ lábẹ́ àtẹ̀gùn pé ó dìgbóṣe. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tó di ọjọ́ tí Taslimah máa ń wá, Mariyah jókòó síbẹ̀ látàárọ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀gá Godfrey rí i. Ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rù pé bí òun bá dáwọ́ dúró nísinsìnyí, wọn á bi òun pé ta ló ti ń tẹ káàdì bọ̀. Ló bá ń tẹ̀ ẹ́ lọ.

Ẹ̀rọ ń kà á jọ. Nígbà tó ṣe, ó parí ìṣirò rẹ̀, ó sì fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù Àlhájà Àdìjátù. Àlhájà kò mọ̀wé kà, ló bá pe Sùlè, aránṣọ tó wà nítòsí, kó bá òun kà á.

"Wọ́n bá yín yọ̀, mà," Sùlè ní. "Wọ́n ní Mariyah ti gba gbogbo ìtọ́jú tó yẹ kó gbà, kò nílò ẹ̀kọ́ àkànṣe mọ́."

"Kí nìyẹn túmọ̀ sí?"

Sùlè tún un kà. "Ó jọ pé wọ́n ní ó ti sàn, mà."

"Ó ti ń gbọ́ràn? Alihamudulilai!" Àlhájà fi ọwọ́ méjèèjì ra ojú. Inú rẹ̀ dùn dé ibi tí ìdùnnú lè dé, ṣùgbọ́n ọlọ́jà ni, kì í gba ọjà láìtú u wò. Ó wọlé, ó mú ìkòkò irin àti ọmọrí rẹ̀, ó yọ́ lọ sẹ́yìn Mariyah tó jókòó tó ń jẹ búrẹ́dì, ó sì lù wọ́n mọ́ra gbàà! Ọmọ ọwọ́ kan ta jí nínú yàrá kejì. Bàbá kan tó ń wẹ̀ lókè rò pé ilé ló ń wó, ó fi aṣọ ìnura sáré já títì. Mariyah ń jẹ búrẹ́dì rẹ̀. Ìgbà tó rí i pé gbogbo èèyàn ń sá jáde ló tó bojú wẹ̀yìn, tó fi ọwọ́ bèèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Àlhájà fà á lọ́wọ́, ó di ọ́fíìsì Ọ̀gá Godfrey.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní ẹ ti wo ọmọ mi sàn."

"Àlhájà, ẹ jókòó, mà."

"Mi ò jókòó. Ọpẹ́ ni mo wá dú, mo sì tún wá bèèrè. Etí wo gan-an lẹ wò sàn níbẹ̀? Torí méjèèjì tó wà lórí ẹ̀, a ti lu ìkòkò sí i, kò sí èyí tó dáhùn."

"Mà, ẹ̀rọ ló..."

"Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀. Nígbà tí àǹtí yẹn ń wá, kò wo etí kankan sàn, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ohun tí ọmọ mi ń sọ. Ó ń fi ọwọ́ sọ ọ́, èmi náà ń tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Látìgbà tí àǹtí ti lọ, kò rí ẹni bá a kún un. Ó fẹ́ sọ nǹkan kan fún mi lánàá. Ó ṣe ọwọ́ báyìí, ó ṣe é báyẹn, kò yé mi. Ó ṣe é títí, ó bú sẹ́kún." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Kí ló fẹ́ sọ, Ọ̀gá? Ẹ bá mi bi ẹ̀rọ yín."

Ojú lọ̀rọ̀ wà, kò sì sí ojú tí Ọ̀gá Godfrey fẹ́ fi wò ó. Dúróọ̀ tábìlì rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Mariyah yọjú sínú rẹ̀, ó rí káàdì tó ní àwòrán rẹ̀ lára, ó mú un, ó fi í kọ́ ọrùn, ó sì jáde lọ jókòó sábẹ́ àtẹ̀gùn, ó ń retí olùkọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an ni Ọ̀gá Godfrey gba Ìkòyí lọ. Christabel dìde kí i tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ọ̀gá Godfrey! Ẹ̀yin gan-an la fẹ́ pè. Iléèwé yín ló gbégbá orókè! Ọmọ tó parí ìtọ́jú lọ́dọ̀ yín ju ti ibikíbi lọ. Àmì ẹ̀yẹ ń bọ̀, sà."

"Ẹ ṣeun. Mo wá bẹ̀ yín kí ẹ dá Mariyah padà sí adití ni."

Ẹ̀rín Christabel dúró lójú kan. "Sà?"

"Àti Haleem. Ẹ̀rọ yín ní ojú ẹ̀ ti ríran. Àná ló fi orí gbá òpó."

"Sà, ẹni tó bá ti sàn, ẹ̀rọ ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá a padà. A ò ṣe bọ́tìnnì ìyẹn sí i. Ta ló máa fẹ́ tẹ̀ ẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó sàn, ọmọ mi. Èmi ni mò ń tẹ káàdì. Kò sí olùkọ́, kò sí omi, kò sí ẹṣin."

Christabel dìde, ó rọra ti ìlẹ̀kùn. Nígbà tó padà jókòó, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má pariwo. Ṣé ẹ rò pé a ò mọ̀ ni? Àwọn ọmọ tó gẹṣin lóṣù tó kọjá ju gbogbo ẹṣin tó wà l'Ékòó lọ. Bí mo bá yọ gbogbo ìyẹn kúrò, kí ló máa kù lára ògiri? Àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́ láti òkè òkun ń bọ̀ wá wò ó."

"Ọmọ náà sunkún," Ọ̀gá Godfrey ní. "Ó ní ọ̀rọ̀ láti sọ, kò rí i sọ."

Christabel yíjú sí tẹlifíṣọ̀n tó kún fún àwọ̀ ewé, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tó ń wo oko tí èpò ti gbà.

"Ọmọ tí ẹ̀rọ bá ti pa dé, kò ṣeé ṣí," ó ní nígbà tó yá. "Àmọ́ bí ọmọ tuntun bá dé iléèwé yín, ẹ̀rọ á gbà á. Bí ọmọ tuntun yẹn ò bá rí ìtọ́jú, iléèwé yín á pọ́n. Èyí tó bá pọ́n jù ni ẹ̀rọ ń wá olùkọ́ fún." Ó gbé bírò rẹ̀ bí ẹni pé iṣẹ́ ti pè é. "Mi ò sọ nǹkan kan o, sà. Ṣé Mariyah ní oríkì?"

Báyìí ni Mariyah ṣe di Àṣàkẹ́, tí Haleem sì di Àkànní. Ọ̀gá Godfrey fi orúkọ wọn sínú ẹ̀rọ bí ọmọ tuntun. Irọ́ ló ti òtítọ́ síta níléèwé náà, irọ́ náà ló sì padà wá ṣílẹ̀kùn fún un. Ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì sí dúróọ̀, kò sì tún fi káàdì kankan kàn án. Lójoojúmọ́ ni ẹ̀rọ ń kígbe látinú dúróọ̀ pé, "Godfrey, o ti gbàgbé!" Kò dá a lóhùn.

Iléèwé náà pọ́n. Ó pọ́n kọjá bó ṣe pọ́n lákọ̀ọ́kọ́. Dáfídì ló gba àmì ẹ̀yẹ náà, lójú gbogbo ọ̀gá iléèwé, nínú òtútù Ìkòyí yẹn. Lẹ́yìn tí wọ́n ya fọ́tò tán, ọ̀gá àjọ náà pátápátá ní kí ẹni tí iléèwé rẹ̀ pọ́n jù dìde, kó ṣàlàyé ara rẹ̀.

Ọ̀gá Godfrey dìde. Láti kékeré ló ti ń sá fún irú ìdúró yìí. Ó gbìyànjú láti rántí ọ̀rọ̀ dídùn tó ti to sílẹ̀ nílé, kò rántí ọ̀kan.

"Àwọn ọmọ mi ò rí ìtọ́jú gbà," ó ní, "torí kò sí olùkọ́."

Kò sẹ́ni tó sọ irú rẹ̀ rí nínú yàrá yẹn. Àwọn kan wolẹ̀. Dáfídì rọra ti àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ sábẹ́ àga. Ìyá àgbà ará Ìta Fájì nìkan ló pàtẹ́wọ́, àwọn tó jókòó tì í sì rò pé òtútù ló ń mú un. Wọ́n fún Ọ̀gá Godfrey ní ìwé ẹ̀sùn, ó kà á, ó sì wọ ọkọ̀ padà sílé. Ó yà á lẹ́nu pé òun ṣì ń mí.

Ọ̀sẹ̀ kan náà ni ẹ̀rọ fi Taslimah ránṣẹ́ padà.

Mariyah rí i lẹ́nu géètì, kò sáré pàdé rẹ̀. Ó kẹ̀yìn sí i, ó ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà, èyí tó jẹ́ pé fún ọmọ tó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, kò sí bíbínú tó jù ú lọ. Taslimah lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ọwọ́ Mariyah tú, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n dì lẹ́nu fún ọjọ́ pípẹ́, ìka ń fò, ojú ń ṣẹ́, ẹsẹ̀ ń jànlẹ̀. Àlhájà Àdìjátù, tó mú Mariyah wá síléèwé, dúró tì wọ́n.

"Kí ló ń sọ?"

Taslimah fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó pa á mọ́ra. "Ó bú mi ná, mà. Ó ní olè ni mí, pé mo jí ara mi lọ. Ó wá ní òun ti fẹ́ sọ fún yín tipẹ́ pé obìnrin kan tó máa ń wá ra òwú, tó ń wọ híjáàbù aláwọ̀ ojú ọ̀run, ó máa ń ki bọ́tìnnì yín sápò bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì."

"Ìyá Jemilat!" Àlhájà kígbe. Ó so gèlè rẹ̀ le, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni, ó ti dé títì.

Ọ̀gá Godfrey rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Taslimah kò bá a rẹ́rìn-ín pẹ́.

"Sà, Ọbáléndé tàn nítorí mo wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi mú mi kúrò. Àwọn ọmọ mẹ́ta kan ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ orúkọ ara wọn ni. Wọ́n ti tẹ tiwọn náà pé wọ́n ti sàn. Báwo ni tiwọn ṣe máa wá jẹ́?"

Ẹ̀rín kúrò lójú Ọ̀gá Godfrey. Ó mú fóònù rẹ̀, ó bọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ó sì pe Ìyáàfin Louisa, ọ̀gá iléèwé Ọbáléndé náà.

"Ẹ kú ọ̀sán, mà. Godfrey ni, láti Ìsàlẹ̀ Èkó. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi tó pọ́n yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, mà, àwọn ọmọ yín tí wọ́n ní wọ́n ti sàn, ṣé wọ́n ní oríkì?"

"Kí lẹ fẹ́ fi oríkì wọn ṣe?" Ìyáàfin Louisa bèèrè, ohùn rẹ̀ sì le.

Ọ̀gá Godfrey fara ti ògiri. Lábẹ́ àtẹ̀gùn, Taslimah ti ń nu pátákó ìkọ̀wé, Haleem ń táràrà wá ibi tí wọ́n gbé àga rẹ̀ sí, Mariyah fà á lọ́wọ́, ó fi í jókòó. "Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, mà," ó ní. "Ẹ wá àga, kí ẹ jókòó."